Òpìpì Kò Lè Gun Àkàbà

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi ò mọ nǹkan kan o. Ta ló ní mo mọ àlọ́? Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni. Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́, n ò mọ̀ ọ́n. Ṣebí ẹ̀yin náà ń rí òrùlé mi. Ọ̀rọ̀ adìẹ, n ò mọ̀ ọ́n. Ẹran rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, ìyẹn náà, ọrùn ni wọ́n máa ń bù fún mi. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ èyí tí n ò mọ̀ yìí fún yín. Ẹni tó bá sùn, màá fi ìyẹ́ adìẹ tọ́ ọ nímú.

Ààlọ́ o!

*Ààlọ̀!*

Ta ló ń kùn bí eṣinṣin yẹn? Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Mo ní, ààlọ́ o!

*Ààlọ̀!*

Ẹ̀hẹ́n. Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀ pàá, ó ju apá fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀. Kò bà sórí ọba, kò bà sórí ìjòyè. Àwọn yẹn ti gbọ́ orúkọ ara wọn tó. Ó bà sórí Àrìnpé, ìyàwó tuntun, àti adìẹ rẹ̀ mẹ́ta, àti Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ẹni tí kò sí ibi tí oúnjẹ wà tí a kì í bá a.

Àrìnpé jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin ín relé ọkọ, tí àwọn ọmọge ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sunkún, tí wọ́n ń fi ojú kan wo ìkòkò ọbẹ̀, ìyá rẹ̀ pè é sẹ́yìnkùlé, ó gbé adìẹ mẹ́ta lé e lọ́wọ́. Adìẹ kéékèèké ni wọ́n. Bí o bá fi ojú ọbẹ̀ wò wọ́n, wàá káàánú ara rẹ. Èkíní dúdú, Dúdúyẹmí ni wọ́n ń pè é. Èkejì pupa, Apọ́nbépo ni tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Òpìpì.

Ẹ mọ òpìpì? Adìẹ tó wáyé tó gbàgbé aṣọ rẹ̀ sọ́run ni. Kò ní ìyẹ́ lápá, kò ní ìyẹ́ lẹ́yìn, ọrùn rẹ̀ sì ń dán bí orí baba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí. Òpìpì kò lè fò. Kò lè fò dé orí àpótí ìjókòó, ká má tíì wá sọ ti orí igi.

Ìyá Àrìnpé ní, "Ọmọ mi, n ò ní ìlẹ̀kẹ̀ tí n ó fi sí ọ lọ́rùn. Àwọn wọ̀nyí ni mo ní. Láàárọ̀ tí o bá ti gbọ́ tí wọ́n ń ké, kí o mọ̀ pé èmi ni mò ń kí ọ."

Àrìnpé ní, "Ẹ ṣé, ìyá mi. Nígbà iṣu tuntun, màá wá kí yín."

Iṣu tuntun kò tíì gun ọ̀pá tí ìyá náà fi kú.

Láti ìgbà náà, adìẹ mẹ́ta yìí kì í ṣe adìẹ mọ́ lójú Àrìnpé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò jókòó sórí ẹní, yóò dákẹ́, yóò máa retí. Bí Dúdúyẹmí bá ké, "Kẹ́kẹ́-kẹ̀ẹ́ẹ̀!", Àrìnpé á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ kú àárọ̀, ìyá mi." Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní orí ìyàwó àwọn ò pé. Àwọn tó ń bá ewúrẹ́ jà lójoojúmọ́, tí wọ́n ń bú ìyá ewúrẹ́, àwọn ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ o!

Àkànní ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ohunkóhun tí o bá bá a sọ, "Ó dáa bẹ́ẹ̀" ni ìdáhùn rẹ̀. Iná kú? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Iná jólé? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà lẹ́nu rẹ̀, ẹnu ìyá rẹ̀ ni wọ́n wà. Ìyá Àkànní! Obìnrin yẹn, bó bá ń sọ̀rọ̀, ata inú ọgbà a máa tijú.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àkànní sá èlùbọ́ sórí ẹní. Ó yíjú báyìí, adìẹ mẹ́ta ti dé orí rẹ̀. Wọ́n tàn án, wọ́n tú u ká, wọ́n sì ṣe ohun tí adìẹ máa ń ṣe lẹ́yìn oúnjẹ.

"Ìyàwó!"

"Ẹ̀ẹ́n, ìyá mi!"

"Ìyá rẹ wo? Èmi ni ìyá tí adìẹ rẹ yàgbẹ́ sí èlùbọ́ rẹ̀. Wá wò ó."

Àrìnpé wò ó, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ dákun, ìyá mi, ẹ foríjì mí."

"Mo ti forí jì ọ́. Adìẹ ni n ò forí jì. Fetí sílẹ̀ kí o gbọ́: adìẹ tí kò nílé, tí kò yé ẹyin, ẹran ni. Bí ọdún ìjẹṣu bá dé tí àwọn wọ̀nyí ò tíì ní ilé tiwọn, tí n ò sì rí ẹyin tí n ó fi jẹ iṣu, àwọn gan-an ni n ó fi jẹ ẹ́. Mo ti sọ ọ́. Ata mi sì ti wà nílẹ̀."

Àrìnpé gbójú sókè. Òṣùpá tí yóò gbé ọdún wá ti yọ, tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná ọmọ ọwọ́.

Ó tọ ọkọ rẹ̀ lọ. "Ọkọ mi, irú ilé wo la ó kọ́ fún àwọn adìẹ?"

"Èyí tó bá dáa."

"Èwo ló dáa?"

"Èyí tó bá wù ọ́."

"Ọkọ mi, wọ́n fẹ́ jẹ ohun tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Àkànní wí. Ó gbé àdá, ó lọ sóko. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, irú ọkọ báyìí pọ̀ níta o. Ẹ má ní n ò sọ fún yín.

Àrìnpé wá àgò kan, apẹ̀rẹ̀ ràgàjì tí a fi ń bo adìẹ mọ́lẹ̀. Ó fi bò wọ́n ní ẹ̀bá àgbàlá. Ó ní ilé dé. Ilé ò tíì dé, òjò ló dé. Wàá! Omi gba abẹ́ àgò kọjá bí ẹni pé ibẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀ látọjọ́ tó ti ń ṣàn. Nígbà tí Àrìnpé sáré jáde, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gun ara wọn léjìká nínú omi, Òpìpì sì ń gbọ̀n rìrì bí ewé àgbàdo. Ó kó wọn sínú aṣọ ìró rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ bá mi gbè é. Ẹni tí kò bá gbè é, kò ní bá wa jẹ àgbàdo sísun yìí:

Ìyá mi re ibi àgbà ń rè,
*Kẹ̀rẹ̀ o, kẹrẹ wálé.*
Ó fi adìẹ mẹ́ta dá mi lọ́lá,
*Kẹ̀rẹ̀ o, kẹrẹ wálé.*
Òjò ń rọ̀, ilé ò sí,
*Kẹ̀rẹ̀ o, kẹrẹ wálé.*
Ọdún ń bọ̀, ata ń dúró,
*Kẹ̀rẹ̀ o, kẹrẹ wálé.*
Òpìpì mi, aṣọ mi ni ìyẹ́ rẹ,
*Kẹ̀rẹ̀ o, kẹrẹ wálé.*

Orin náà dé etí Ìjàpá. Etí Ìjàpá kéré, ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá wà nínú ọ̀rọ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ tí kò ní gbọ́ ọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dé, gìdì-gìdì, gìdì-gìdì, ó fi okùn tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ kọ́rùn bí ẹni tó ti kọ́ ààfin.

"Ìyàwó Àkànní, mo kí ọ o."

"Ẹ kú ìrìn, Bàbá Ìjàpá."

"Mo gbọ́ pé o ń wá ilé fún adìẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n kọ́ ni?"

Ìjàpá rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá ẹ̀yìn ara rẹ̀, kò-kò-kò. "Ta ló mọ ilé jù mí lọ láyé? Ẹ̀yin ń wọlé, ẹ̀yin ń jáde. Èmi, ilé ni mo gbé wáyé. Inú ilé ni mo ti ń jẹun, inú ilé ni mo ti ń rìn. Bí mo bá ń bá Yánníbo jà pàápàá, n kì í jáde nílé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àrìnpé létí. Ó ní, òótọ́ kúkú ni, ẹni tó gbé ilé pọ̀n sẹ́yìn, ṣé yóò ṣìlé kọ́? Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o! Ìyẹn ni pé ẹni tí ikùn rẹ̀ bá tóbi jù ló mọ ọbẹ̀ sè jù.

Ìjàpá ní, "Ilé òkè ni n ó kọ́ fún ọ. Òpó mẹ́rin, fíofío. Òrùlé ṣónṣó. Ẹni tó bá ń lọ lójú ọ̀nà yóò dúró, yóò ní, 'Ilé ta nìyí?' Wọn yóò ní, 'Háà, ilé adìẹ ìyàwó Àkànní nìyẹn.'"

Inú Àrìnpé dùn. Kí ẹ má bàa bú u, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ìlú tó wà fún yín. Àwọn ará ìlú yẹn kì í kọ́lé láti inú wá. Òde ni wọ́n ti ń kọ́ ọ bọ̀. Wọ́n á kun iwájú ilé, wọ́n á gbẹ́ ọnà sára òpó, ẹ̀yìn á sì máa jò. Bí wọ́n bá fẹ́ ra ẹní, aládùúgbò ni wọ́n ń bi pé ṣé ó dára. Wọn kì í bi ẹ̀yìn tí yóò sùn lé e. Ìyàwó tuntun sì ni Àrìnpé. Láti ìgbà tó ti dé, kò tíì sí ẹni tó yìn ín lójú ọ̀nà rí.

"Kí ni kí n fún yín, bàbá?"

"Kí lo ní? Ọmọ mi ni ọ́. Ohun tó bá ṣáà ti jábọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ilé náà, kó máa jẹ́ tèmi. Mo ní ọgbà ilá kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣá."

Àrìnpé rò pé ìgbẹ́ adìẹ ló ń wí. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa kó o, bàbá. Gbogbo ohun tó bá jábọ́."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá."

Ìjàpá fa orí wọnú, ó lọ rẹ́rìn-ín nínú ilé ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́.

Ó kọ́lé o. Ó ri òpó mẹ́rin, ó gbé ilé lé e lórí, ó fi àkàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tì í. Ọ̀pá ni ó tò sílẹ̀ ilé náà, ó sì fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ọ̀pá kan sí èkejì. Àrìnpé ní, "Bàbá, àlàfo yìí ò ha pọ̀ jù?" Ó ní, "Kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí wọn nídìí ni." Ó wá da eérú kíkúnná sábẹ́ ilé, ó fi òwú lé e lórí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àrìnpé ní, "Èyí ńkọ́?" Ó ní, "Kí ibẹ̀ má bàa rùn ni." Ẹ̀yin ọmọ, bí olè bá ń ṣàníyàn nípa òórùn ilé yín, ẹ yára ka ìkòkò yín.

Àwọn tó ń lọ dúró, àwọn tó ń bọ̀ dúró. "Háà, ilé dé!" "Adìẹ yìí mà lórí ire o!" Obìnrin kan ní bí ọkọ òun bá gbà, òun á kó wọ ibẹ̀. Àkànní tiẹ̀ ti oko dé, ó wò ó, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ti ọjọ́ yẹn sì dé inú rẹ̀. Ìyá Àkànní nìkan ló jáde wá, tó gbójú sókè títí gèlè rẹ̀ fi fẹ́ já, tó wá fi àgbọ̀n júwe Òpìpì.

"Ta ni yóò máa gbé èyí gòkè?"

"Èmi ni, ìyá mi."

"Ó dára," ni ìyá wí, ó wọlé lọ.

Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, Dúdúyẹmí á fò, fìrì, ó ti wọlé. Apọ́nbépo á gun àkàbà, tà, tà, tà. Òpìpì á dúró nísàlẹ̀, á gbójú sókè, á jan apá tí kò ní ìyẹ́, á fò, gbì! Àyà ló fi ń balẹ̀. Àrìnpé á gbé e mọ́ra, á gun àkàbà lọ, á máa kọrin sí i létí. Ẹ gbè é:

Dúdú ti wọlé, Pupa ti wọlé,
*Kẹ̀rẹ̀ o, kẹrẹ wálé.*
Òpìpì mi, má sunkún mọ́,
*Kẹ̀rẹ̀ o, kẹrẹ wálé.*
Ọwọ́ mi ni àkàbà rẹ,
*Kẹ̀rẹ̀ o, kẹrẹ wálé.*

Ilé wà, ṣùgbọ́n ẹyin ò sí. Adìẹ á ké láàárọ̀ bí ìgbà tó yé ẹyin, Àrìnpé á sáré gòkè, kò ní bá nǹkan kan. Ẹ̀yin ti mọ̀, àbí ẹ ò mọ̀? Ẹyin ń gba àárín ọ̀pá já bọ́, pọ̀ọ́, sórí òwú. Ìjàpá á ti dé kí ẹnikẹ́ni tó jáde, pẹ̀lú agbọ̀n tó ní òun fi ń kó ìgbẹ́. Ẹyin ló ń mu, ó ń pọ́n ẹnu lá. Ọgbà ilá rẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Òṣùpá ń sanra. Ìyá Àkànní jókòó ti ọlọ, ó ń lọ ata, ó ń súfèé. Ẹni tó ń lọ ata tó ń súfèé, ẹ bẹ̀rù rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn àlejò ti ìsàlẹ̀ ìlú wá wo ilé òkè. Àrìnpé ń fi òrùlé hàn wọ́n, ó ń fi òpó hàn wọ́n. Wọ́n ń yìn ín, ó ń kúnlẹ̀ dúpẹ́. Wọ́n ní báwo ló ṣe gbọ́n tó báyìí, ó ní kì í ṣe mímọ̀-ọ́n-ṣe òun. Ó se oúnjẹ fún wọn, ó sìn wọ́n dé ojú ọ̀nà, ó padà wálé pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, ó sùn. Òjò rọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jókòó sórí ẹní, ó ń retí igbe adìẹ. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ òun kò gbé nǹkan kan gòkè lánàá!

"Òpìpì!"

Ó sáré jáde. Abẹ́ ilé, kò sí. Ẹ̀bá àgbàlá, kò sí. Inú koríko, kò sí. Ó ń pè, ó ń kọrin, ohùn rẹ̀ ti fọ́. Ẹ rọra gbè é, ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹkún:

Òpìpì mi, níbo lo wà?
*Kẹ̀rẹ̀ o, kẹrẹ wálé.*
Ẹnu ayé ni mo gbọ́ lánàá,
*Kẹ̀rẹ̀ o, kẹrẹ wálé.*
N ò gbọ́ ohùn rẹ nísàlẹ̀,
*Kẹ̀rẹ̀ o, kẹrẹ wálé.*

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ti bá a. Òpìpì fi ara ti ògiri, ẹrẹ̀ bò ó, ojú rẹ̀ pa dé díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mí. Àrìnpé gbé e sáyà, ó ní, "Ìyá mi, ẹ foríjì mí. Àwọn tó ń kọjá lọ ni mò ń wò. N ò wò yín."

Ó gbé e lọ síbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń yọ wọ abẹ́ ilé òkè, ó jókòó sílẹ̀, ó fi í sí abẹ́ apá, ó ń nù ún. Lókè, Dúdúyẹmí ń yí síhìn-ín, ó ń yí sọ́hùn-ún. Ó ké, "Kẹ́kẹ́-kẹ̀ẹ́ẹ̀!" Nǹkan já bọ́, pọ̀ọ́, sórí itan Àrìnpé. Ẹyin ni! Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àrìnpé wo ẹyin, ó wo àlàfo tó wà lókè, ó wo òwú tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé e.

"O kúuṣẹ́ o," ni ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀. Ìjàpá ti dé. "O bá mi gbá ẹrù mi mú. Jẹ́ kí n gbà á."

"Bàbá, ẹyin ni èyí."

"Ó já bọ́ àbí kò já bọ́?"

"Ó já bọ́."

"Ta ló ni ohun tó bá já bọ́?"

Omi lé ròrò lójú Àrìnpé. "Ẹ̀yin ni."

Ìjàpá gba ẹyin, ó sọ ọ́ sẹ́nu, gbì. Ó wá tẹjú mọ́ Òpìpì. "Èyí ńkọ́? Ṣé inú ilé ló wà ni, àbí abẹ́ ilé?"

"Bàbá Ìjàpá, ẹ jọ̀ọ́! Ohùn ìyá mi nìyẹn!"

"Bí ohùn ìyá ẹni bá já bọ́, ó já bọ́ náà ni." Ó gbá Òpìpì lẹ́sẹ̀ mú. Àrìnpé di apá rẹ̀ mú. Òpìpì figbe ta, Àrìnpé figbe ta, Ìjàpá náà figbe ta kí wọ́n má bàa ní òun ló jẹ̀bi.

Ìyá Àkànní yọ láti ilé ìdáná, orógùn lọ́wọ́. "Ta lẹ̀ ń pa kí ọdún tó dé?"

Wọ́n rò fún un, ó gbọ́ tán. Àwọn èèyàn ti pé jọ. Ìlú yẹn, bí wọ́n bá gbọ́ ìjà, wọn kì í pẹ́ dé.

"Ìjàpá."

"Ẹ̀ẹ́n, ìyá."

"O ní ohun tó bá já bọ́ ni tìrẹ."

"Ẹnu ìyàwó yín ni mo ti gbọ́ ọ."

"Ìyàwó mi kì í yẹ àdéhùn. Ẹyin tí o ti jẹ já bọ́ lóòótọ́. Kó bá ikùn rẹ mu o. Adìẹ yìí ńkọ́? Ṣé ó gòkè lánàá?"

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ta ni kò mọ̀ pé òpìpì ò lè gòkè? Ṣebí ìdí nìyẹn tí mo fi..." Ó gbé ìyókù mì, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti gbọ́ ọ.

"Ìdí nìyẹn tí o fi kọ́ ọ sókè. Kò burú. Ohun tí kò gòkè, ọ̀nà wo ló gbà já bọ́? Èmi tí mo dúró sílẹ̀ yìí, ṣé mo já bọ́ ni? Ìwọ tí àyà rẹ ń wọ́ nílẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ, ibo lo ti já bọ́?"

Ẹ̀rín sọ. Ìjàpá fi Òpìpì sílẹ̀.

"Ìyàwó, gbé agbọ̀n wá. A kì í jẹ́ kí oníṣẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo. Ohun tó já bọ́ pọ̀ lábẹ́ ilé yìí."

Wọ́n gbá ìgbẹ́ adìẹ jọ, wọ́n dì í kún agbọ̀n, wọ́n gbé e rù ú. Ó ń lọ, ó ń kán tó-tó-tó. Yánníbo rí i lókèèrè, ó fi ọwọ́ dí imú. "Ọkọ mi, kí lo rù yẹn?" Ó ní, "Èrè iṣẹ́ mi ni." Yánníbo ní, "Ó dára. Ilé tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn ni kí o gbé e wọ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn mi yìí, mo ti tì í."

Àrìnpé kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àkànní. "Ẹ ṣé, ìyá mi."

"Má tíì dúpẹ́. Ọdún ò sún síwájú, ata mi sì wà bó ṣe wà. Irú ilé wo lo fẹ́ kọ́ báyìí? Ta lo fẹ́ bi?"

"Àwọn adìẹ ni mo fẹ́ bi, ìyá."

Ìyá wò ó látòkè délẹ̀. "Bí wọ́n bá dá ọ lóhùn, pè mí."

Nírọ̀lẹ́, Àrìnpé kò gbé ẹnikẹ́ni, kò lé ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń tẹ̀ lé Òpìpì. Òpìpì lọ, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, ó yí ilé ìdáná po, ó fi ara ti ògiri yẹn, ó ká ẹsẹ̀ kò. Dúdúyẹmí àti Apọ́nbépo gun àkàbà dé ìdajì, wọ́n wẹ̀yìn, wọn ò rí Òpìpì, wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wá fi ara tì í. Àrìnpé fi ọwọ́ kan ògiri. Ó gbóná wọ́ọ́rọ́! Ẹ̀yìn ààrò ni. Ó wo ilẹ̀ ibẹ̀, ó gbẹ. Ó wo ibi tí òjò ti ń wá, ògiri ti bò ó. Ó wo ojú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó lè rí ibẹ̀ láti ojú ọ̀nà.

Ibẹ̀ ló kọ́ ọ sí. Ó to òkúta sílẹ̀ kí omi lè máa gba abẹ́ kọjá. Ó fi amọ̀ mọ ògiri kúkúrú, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri ààrò. Ibi tí a ń tẹ̀ wọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ga ju orúnkún Òpìpì lọ. Ó fi igi kan dábùú inú rẹ̀, èyí tí ẹsẹ̀ adìẹ lè dì mú, tí adìẹ tí kò lè fò lè tẹ̀ gùn. Ó fi koríko gbígbẹ sí kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn, nítorí adìẹ tó ń yé ẹyin kì í fẹ́ kí ayé wo òun lójú. Ihò atẹ́gùn wà lábẹ́ òrùlé, ṣùgbọ́n kò gba ọwọ́ ológbò igbó. Ilé òkè ló tú, tó fi koríko rẹ̀ bo ilé ilẹ̀.

Ìyá Àkànní wá bá a nídìí amọ̀. Ó ká ìró sókè, ó ti ẹsẹ̀ bọ amọ̀, ó ń bá a gún un. Nígbà tó pẹ́, ó ní:

"Ilé yìí ò ga."

"Kò ga, ìyá mi."

"Àwọn ará ọ̀nà ò ní rí i. Wọn ò ní yìn ọ́."

"Wọn ò ní sùn níbẹ̀ náà, ìyá."

Ìyá Àkànní rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àrìnpé ń mọ amọ̀ lọ. Ó wá bi í, bí ẹni tó kàn ń bèèrè ọ̀rọ̀ lásán, "Ìyá mi, ẹ̀yin ńkọ́? Ibo lẹ ti ń gbádùn oorun jù nínú ilé yìí?"

Ẹsẹ̀ ìyá dúró nínú amọ̀. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyàwó," ó ní, "yàrá iwájú ni ọmọ mi kọ́ fún mi, lójú ọ̀nà gan-an, kí ayé lè rí i pé ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀. Ó kun ún, ó gbẹ́ ọnà sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ga, eékún mi ò gbà á mọ́. Ọyẹ́ ń gba ojú fèrèsé ńlá yẹn wọlé bá mi. Inú ilé ìdáná ni mò ń sùn. Ìdí ààrò. Ó ti pẹ́. N ó dìde kí ẹnikẹ́ni tó jí, kí wọ́n má bàa ní ọmọ mi ò tọ́jú mi."

Àrìnpé wo ògiri. Lálẹ́ tí òjò rọ̀, ara ògiri kan náà ni àwọn méjèèjì fi ara tì, Òpìpì lóde, ìyá nínú.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ, ìyá mi?"

"Ta ló bi mí?"

Àrìnpé fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ di ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ mú. Wọ́n jọ ń gún un lọ títí amọ̀ fi tán.

Nígbà tí Àkànní ti oko dé, ìyàwó rẹ̀ rò fún un. Ó ya ẹnu láti sọ ohun tó máa ń sọ, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì pa ẹnu náà dé. Kò tilẹ̀ jẹun. Ó gbé ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìpìlẹ̀ yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, tí kò ní àtẹ̀gùn rárá. Ọ̀rọ̀ tó dára jù lọ tí ọkùnrin yẹn sọ láyé rẹ̀ nìyẹn.

Ọdún ìjẹṣu dé. Ẹyin ni Ìyá Àkànní fi jẹ iṣu, ẹyin Apọ́nbépo, pẹ̀lú epo àti ata tó ti lọ̀ sílẹ̀ látọjọ́ yìí. Òpìpì kò jáde wá wo ọdún. Ó ń sàba ní kọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní àwọn àárọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbà á fi etí ti ògiri yàrá rẹ̀ tuntun, á ní, "Ìyàwó, wá gbọ́ o, wọ́n ti ń sọ ọ́." Àwọn òròmọdìẹ ni, wọ́n ń ké wíyẹ́-wíyẹ́ lódìkejì.

Ibi tí àlọ́ mi ti rìn dé nìyí tí ó rẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ sílẹ̀, ó pajú dé, kò tún lọ síbì kan mọ́. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ọ̀fun mi gbẹ. Bí n ò bá fi irọ́ kún un, ẹ bu omi fún mi. Ohun tó ń kọ́ wa ò ṣòro: ẹni tí yóò sùn nínú ilé la fi ń wọn ilé, kì í ṣe ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà. Ilé tí ara bá tu aláìlágbára nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí ara kò ní tù níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ìyá àgbà tó wà nílé yín, ibo ló ń sùn?